Ta Ló Kàn? Àbá, Tẹ́tẹ́ àti Ikú nínú Game of Thrones

Bí o kò bá tíì wo Game of Thrones, tí o sì ní i lọ́kàn láti wò ó, pa ojú ìwé yìí dé ná, nítorí ọ̀pọ̀ òkú inú rẹ̀ ni mo fẹ́ dárúkọ. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Láti ọdún 2011 tí eré náà bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù karùn-ún ọdún 2019 tó parí, ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu àwọn tó ń wò ó: ta ló kàn? Ta ni ikú máa mú lọ́sẹ̀ yìí? Àwọn èèyàn ń to orúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kódà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ilé tẹ́tẹ́ gba owó lórí ẹni tó máa gorí ìtẹ́. Ìbéèrè kejì wà tí kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé George R. R. Martin, tí wọ́n fi ṣe eré náà, ló ń bi ara wọn: kí ni òǹkọ̀wé yìí ti sọ fún wa tí a kò gbọ́? Lójú tèmi, ìbéèrè kìíní kò ju eré ọwọ́ dilẹ̀ lọ. Èkejì ni ìwé kíkà gidi, òun náà ló sì jẹ́ ká mọ ìgbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ wa jẹ.

Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ nílé mọ̀ pé oríṣi méjì ni. Àlọ́ àpagbè ni ti Ìjàpá, èyí tó ní orin. A kàn ń gbọ́, a ń gbè é ni. Àlọ́ àpamọ̀ ní ìdáhùn, ẹni tó pa á sì ti ní ìdáhùn náà lọ́wọ́ kó tó la ẹnu. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Bí ọmọdé kan bá mọ̀ ọ́n, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹni tó pa á kò lè sáré yí ìdáhùn padà torí pé ọmọ ọdún méje ló já a. Bí kò bá sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ìdáhùn tó máa sọ gbọ́dọ̀ bá ìbéèrè mu débi tí gbogbo ilé á fi ní "háà!" Bí kò bá bá a mu, wọ́n á ní ó purọ́ ni, wọn ò sì ní gba àlọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ ìwé Martin ṣe ni pé wọ́n mú àlọ́ àpagbè kan tó gùn gbọọrọ, wọ́n sọ ọ́ di àpamọ̀.

Ẹ wo ikú Ned Stark. Ìwé kìíní, A Game of Thrones, jáde lọ́dún 1996. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ rẹ̀, Ned àti àwọn ọmọ rẹ̀ rí abo ìkookò ńlá kan tó kú sínú yìnyín, tí ìwo àgbọ̀nrín há sí i lọ́fun. Ìkookò ni àmì ìdílé Stark. Àgbọ̀nrín ni àmì ìdílé ọba, Robert Baratheon, ẹni tó ti wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn, tó ń bọ̀ wá bẹ Ned pé kó wá bá òun tún ìlú ṣe. A máa ń sọ pé ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Òwe ni òkú ẹranko yẹn, ojú gbogbo wa ni wọ́n sì ṣe pa á.

Síbẹ̀, nígbà tí idà bọ́ sí Ned lọ́rùn ní ìpín kẹsàn-án apá kìíní, ariwo ta. Kí ló dé? Sean Bean ló wà lára pátákó ìpolówó, a sì ti mọ̀ láti kékeré pé "actor" kì í kú. Ṣùgbọ́n ẹ tún ohun tí Ned ṣe rò. Ó ti mọ àṣírí Cersei, pé àwọn ọmọ tó ń pè ní ọmọ ọba kì í ṣe ti ọba. Dípò kó gba ọ̀dọ̀ ọba lọ tààrà, Cersei fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ bá, ó ní kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá kí ọba tó ti oko ọdẹ dé, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n pa ọmọdé. Àánú yẹn ló pa á. Ohunkóhun kò já lu Ned láti òkè; ìwà rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí idà wà, idà ìdílé rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fi bẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Red Wedding. Robb, ọmọ Ned, ṣèlérí fún Walder Frey pé òun á fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun òun lè gba orí afárá rẹ̀ kọjá. Ó yẹ àdéhùn, ó fẹ́ ẹlòmíì. Frey pe òun àti ìyá rẹ̀ wá síbi ìgbéyàwó, ó fún wọn ní búrẹ́dì àti iyọ̀, èyí tó túmọ̀ sí nílẹ̀ wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlejò náà mọ́, lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí wọ́n pa wọ́n. Martin ti sọ pé inú ìtàn ilẹ̀ Scotland lòun ti rí irú rẹ̀: Black Dinner ti ọdún 1440, níbi tí wọ́n ti pe ọ̀dọ́mọkùnrin olóyè ìdílé Douglas àti àbúrò rẹ̀ wá jẹun ní Edinburgh tí wọ́n sì pa wọ́n, àti ìpakúpa Glencoe ti ọdún 1692, níbi tí àwọn sójà ti dìde pa àwọn tó gbà wọ́n sílé.

Inú ìwé kẹta, A Storm of Swords, ti ọdún 2000, ni ìpànìyàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kejì, tó jáde lọ́dún 1998, Daenerys wọ ilé àwọn oṣó kan ní ìlú Qarth, ó sì rí ìran. Ó rí àsè kan tí gbogbo àlejò ibẹ̀ ti di òkú, ó rí ọ̀kan nínú wọn tó jókòó sórí ìtẹ́, orí ìkookò ló wà lọ́rùn rẹ̀. Odindi ọdún méjì ni ìdáhùn ti wà nílé kí ìbéèrè tó dé. Gbogbo wa tó ka ìwé kejì la rí òkú Robb. A rí i, a ṣí ojú ìwé, a kọjá lọ.

Ìwà àwọn tó ti kàwé ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìpín náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ó ti pé ọdún 13 tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ̀, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Àwọn kan jókòó ti ọ̀rẹ́ wọn tàbí ìyàwó wọn, wọ́n gbé fóònù pamọ́ sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń ya fídíò ojú ẹni tó ń wò ó. Àwọn fọ́nrán náà kún orí YouTube. Ìkà díẹ̀ wà níbẹ̀, ká má parọ́. Àmọ́ mo gbà pé ẹni tó ti dá nìkan sunkún ló ń wá ẹni tí wọ́n á jọ sunkún. Martin fúnra rẹ̀ ní òun kọ gbogbo ìyókù ìwé náà tán kí òun tó lè padà wá kọ orí yẹn.

Nígbà tó wá kan Jon Snow, ọ̀rọ̀ àbá kúrò lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé, ó di ti gbogbo ìlú. Ní òpin apá karùn-ún, ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn ọmọ ogun Jon fúnra wọn gún un lọ́bẹ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú yìnyín. Kit Harington, tó ṣe Jon, ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti kú, iṣẹ́ òun ti parí. Ta ló gbà á gbọ́? Irun rẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́: bó bá ti kú lóòótọ́, kí ló dé tí kò gé e? Wọ́n ń wá a kiri Belfast, níbi tí wọ́n ti ń ya eré náà. Ó sọ fún Jimmy Fallon lórí tẹlifíṣọ̀n pé ọlọ́pàá kan dá òun dúró lójú títì nítorí eré àsápajúdé, ó ní kí òun mú ọ̀kan: kí àwọn jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí kí òun sọ bóyá Jon máa yè. Ó sọ ọ́. (Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ọlọ́pàá tiwa ì bá béèrè.)

Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òfófó ni ọ̀rọ̀ irun. Àbá tó ní láárí nípa Jon ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Kò pẹ́ tí ìwé kìíní jáde ni àwọn òǹkàwé ti kíyè sí i pé Ned, ẹni tí irọ́ ò rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò jẹ́ sọ ẹni tó jẹ́ ìyá Jon fún ìyàwó tó fẹ́. Wọ́n rí i pé ìrántí àbúrò rẹ̀, Lyanna, kì í fi í sílẹ̀: yàrá kan tó ń rùn fún ẹ̀jẹ̀ àti òdòdó róòsì, àti ìlérí kan tó ṣe fún un kó tó kú. Nínú ìran ilé oṣó ọjọ́sí, òdòdó aláwọ̀ búlúù kan hù lára odi yìnyín, irú òdòdó tí Ọmọọba Rhaegar fún Lyanna lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n rò ó pọ̀: Jon kì í ṣe ọmọ Ned, ọmọ Rhaegar àti Lyanna ni. Nígbà tí David Benioff àti D. B. Weiss lọ bá Martin pé àwọn fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe eré, ìbéèrè tó bi wọ́n ni pé ta ni ìyá Jon Snow. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àlọ́ àpamọ̀ ni bàbá náà fi dán wọn wò.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 ni eré náà tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí àwọn kan ti já a. Ṣé ó wá bà á jẹ́ fún wọn? Rárá. Mo rò pé àwọn ló gbádùn rẹ̀ jù. Martin ti ṣàlàyé pé òun kò ní torí pé ẹnì kan ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ kí òun yí i padà, nítorí gbogbo ẹ̀rí tí òun ti gbìn láti ìbẹ̀rẹ̀ á wá di irọ́. Òfin àlọ́ náà nìyẹn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, ìyẹn ikú Hodor, nínú oṣù karùn-ún ọdún 2016 yẹn kan náà. Èyí, ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ọkùnrin kan wà tí kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, a sì rò pé àwàdà ni. Ọjọ́ tó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kí Bran lè sá là ni a tó mọ̀ pé àṣẹ ni ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀kẹ́rẹ́ àṣẹ tí wọ́n fi ba ayé ọmọdé kan jẹ́: kó di ilẹ̀kùn mú. Ẹ padà lọ wo apá kìíní, ẹ ò ní lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tí mò ń pè ní ìdáhùn tó bá ìbéèrè mu nìyí.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa Night King. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dẹ́rù bà wá pẹ̀lú rẹ̀ àti àwọn òkú tó ń bọ̀ láti àríwá. Ní ìpín kẹta apá kẹjọ, ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Arya fò yọ láti inú òkùnkùn, ó gún un lọ́bẹ, ó parí. Mo pariwo bíi ti gbogbo èèyàn. Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Benioff sọ pé ó ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí àwọn ti pinnu pé Arya ni, torí Jon ni gbogbo èèyàn máa retí. Ẹ tún un gbọ́: torí pé a retí rẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà ìpín náà á ní Melisandre ti sọ ọ́ fún Arya ní apá kẹta, nígbà tó ní ó máa pa olójú búlúù. Ọdún 2013 ni apá kẹta. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n tó pinnu, a jẹ́ pé ipasẹ̀ tí a rí yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n padà lọ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó pa àlọ́ rí i pé ọmọdé ti fẹ́ gbà á, ló bá pààrọ̀ ìdáhùn.

Mi ò sọ pé ikú òjijì kò dáa o. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí Fágúnwà tẹ̀ jáde lọ́dún 1938, obìnrin kan dì mọ́ Kàkó pé kó má lọ, Kàkó sì pa á. Kò sí ẹ̀rí kankan ṣáájú, ó ṣẹlẹ̀ wàrà. Ṣùgbọ́n láti ojú ìwé yẹn lọ, ojú tí a fi ń wo Kàkó àti ìrìnàjò àwọn ọdẹ yẹn kò lè rí bákan náà mọ́. Kí ni a mọ̀ nípa Arya lẹ́yìn Night King tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Pé ó lè fò.

Ọ̀rọ̀ Daenerys yàtọ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n tún apá kẹjọ ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn torí pé ó fi iná dírágónì jó ìlú tó ti túúbá, tí Jon sì gún un pa. Ẹ̀rí wà fún èyí ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òǹkàwé ti ń jiyàn lórí bóyá orí bàbá rẹ̀ tó yí máa yí tirẹ̀ náà. Mo gba ìdáhùn náà. Ohun tí mi ò gbà ni ìkánjú: ìpín mẹ́fà péré ni gbogbo apá kẹjọ.

Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ Jon kò tíì yanjú. A Dance with Dragons jáde ní oṣù keje ọdún 2011, àtìgbà yẹn ló ti wà nílẹ̀ nínú yìnyín, ẹ̀jẹ̀ lára. Àbá tí mo fara mọ́ jù lọ́wọ́ báyìí wá láti inú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan ni Martin fi ṣí i, Varamyr, ẹni tó lè gbé ẹ̀mí rẹ̀ wọ inú ẹranko. Nígbà tó kú, inú ìkookò ló gbà lọ. Orúkọ ìkookò Jon ló sì gbẹ̀yìn lẹ́nu Jon nígbà tí wọ́n ń gún un. Nínú eré, Melisandre wẹ̀ ẹ́, ó gé irun rẹ̀, ó gbàdúrà, Jon dìde, ó so àwọn tó pa á kọ́, ó sì ń bá ayé rẹ̀ lọ bí ẹni tó jí láti ojú oorun. Nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kì í ti ọ̀dọ̀ ikú bọ̀ lódindi. Catelyn, ìyá Robb, padà wá pẹ̀lú ọ̀fun gígé, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju ẹ̀san lọ. Eré náà kò tilẹ̀ fi í hàn wá. Bí Jon bá dìde, mo fẹ́ mọ bí ó ṣe pẹ́ tó nínú ìkookò yẹn, àti èwo nínú àwọn méjèèjì ló máa dáhùn bí Sam bá pe orúkọ rẹ̀.