Nígbà tí Iyàn Di Ọjà

Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Equatorial Guinea na Côte d'Ivoire ní ayò 4 sí òdo ní pápá Ebimpé, ní Abidjan níbí, lójú àwọn onílé. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá, Jean-Louis Gasset, wọ́n sì fi igbákejì rẹ̀, Emerse Faé, rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Morocco na Zambia ní San Pedro, tí ó tipa bẹ́ẹ̀ fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ ní ṣíṣí fún Côte d'Ivoire láti wọlé pẹ̀lú àwọn tó ṣe ipò kẹta. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n borí Senegal, Mali àti Congo, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 11 oṣù kejì, wọ́n na Nàìjíríà ní ayò 2 sí 1, wọ́n gba ife. Anàgó tó ń gbé Treichville, tí ó pariwo nígbà tí Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38, ní láti wo ojú aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó mọ bí yóò ti ṣe nígbà tí Haller gbá tirẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú 81.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ fún wa pé ọjà tẹ́tẹ́ mọ ọjọ́ iwájú ju onímọ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ 22 yẹn, ẹni tó bá ní kí òun fi owó lé Côte d'Ivoire lórí, owó pọ́ọ́kú ni yóò fi rà á, nítorí ọjà ti ka ẹgbẹ́ náà mọ́ òkú. Kí ni kí a wá pe irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Tẹ́tẹ́ kì í ṣe àjèjì ní ìlú yìí. Láti ọdún 1970 tí ìjọba ti dá LONACI, ilé iṣẹ́ lọ́tìrì orílẹ̀-èdè, sílẹ̀ ni àwọn ará Abidjan ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni ó kan ẹṣin. Ẹni tó bá dé ìdí àwọn búkà kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì PMU yóò bá àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n di ìwé ìròyìn ẹṣin mú, tí wọ́n ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹṣin tí yóò sáré ní Vincennes tàbí Longchamp, ní ilẹ̀ Faransé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ìlànà PMU kò le: gbogbo owó wọ inú àpò kan, ilé iṣẹ́ yọ tirẹ̀, àwọn tó jẹ pín ìyókù. Joseph Oller ni ó gbé ìlànà náà kalẹ̀ ní Paris ní àwọn ọdún 1860. (Etí Yorùbá lè gbọ́ pari ti Faransé bí ẹni pé 'parí' ni, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ní Abidjan yóò sì gbà pé ohun tó ń parí owó oúnjẹ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbádọ́gba ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìdí, nínú èdè Látìn: ẹni méjì fi ohun tó dọ́gba lélẹ̀.)

Èyí tó dé kẹ́yìn yàtọ̀. Ní ọdún 2000, Andrew Black àti Edward Wray dá Betfair sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, kò sí àpò àjọni, kò sì sí oníléetẹ́tẹ́ tó ń dá iye lé ìdíje fún gbogbo ayé. Oníbàárà ni ó dojú kọ oníbàárà. Ọ̀kan ní yóò rí bẹ́ẹ̀, èkejì ní kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ di owó àwọn méjèèjì mú, ó sì yọ ìdá díẹ̀ nínú èrè ẹni tó bá jẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ń yí padà, ẹni tí àyà rẹ̀ já lè ta tirẹ̀ fún ẹlòmíràn kí eré tó parí. Polymarket, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, gbé ìlànà yìí kúrò lórí pápá, ó gbé e lé orí ìdìbò, ogun, àti ohunkóhun tí ó bá ti jẹ́ ìròyìn. Tíkẹ́ẹ̀tì 'bẹ́ẹ̀ ni' yóò san dọ́là 1 bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ. Bí kò bá ṣẹ, kò san nǹkan kan. Bí wọ́n bá ń ta á ní sẹ́ǹtì 60, wọn á ní ó túmọ̀ sí pé nínú 100, ìgbà 60 ni yóò ṣẹ.

Èdè wa ti ní ohun tí ó lè sọ sí i. A ń ta tẹ́tẹ́, a ń ta ayò, a sì ń ta ọjà. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n 'tà' ti ọjà ní èkejì, èyí tí í ṣe 'rà': bí ẹnìkan kò bá rà, ẹnìkan kò tíì tà. 'Ta' ti ayò àti ti tẹ́tẹ́ kò ní irú èkejì bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tó jókòó sídìí ọpọ́n ayò, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ta á. Kò sí ẹni tó ń rà á. A máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé ni a rà, kì í ṣe tẹ́tẹ́ gan-an. Ohun tí Betfair àti àwọn tó tẹ̀ lé e ṣe ni pé wọ́n fún tẹ́tẹ́ ní 'rà'. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jẹ́ ọjà, tí àwọn oníbàárà wọn sì ń jẹ́ oníṣòwò. N kò rí i bí ìfọ̀rọ̀dárà lásán. Nínú ọjà Adjamé, ẹni tó ta ata gba owó, ẹni tó rà á gbé ata lọ sílé. Nínú ọjà tí à ń sọ yìí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò lọ sílé lọ́wọ́ òfo, kò sì sí ata níbẹ̀. Orúkọ tó tọ́ sí i jù ni iyàn. Iyàn ni ẹni méjì ń jà, owó ni wọ́n sì fi ń dá a.

Ohun mìíràn tún wà tí 'rà' àti 'tà' yìí mú wá. Àgbà tó mú ẹṣin mẹ́ta ní ìdí búkà PMU kò lè jèrè bí kò ṣe pé ẹṣin rẹ̀ ṣe dáadáa. Nínú ọjà iyàn, ẹnikẹ́ni lè gbowó lórí ìjákulẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fòfin de àwọn agẹṣin kan nítorí pé wọ́n ń fi ìròyìn ẹṣin tí kò ní borí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tà á lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹṣin kò mọ̀ pé owó wà lórí òun. Ènìyàn mọ̀.

Kí a má ṣe yan ọjà yìí jẹ. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní èsì sí ọ̀rọ̀ Côte d'Ivoire, èsì náà sì bá ọgbọ́n mu. Wọ́n ní bí ọjà bá sọ pé nínú 100, ìgbà 3 ni nǹkan yóò ṣẹ, kò ṣèké bí ó bá ṣẹ lẹ́ẹ̀kan; àfi kí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ jọ kí a tó lè dá a lẹ́jọ́. Mo gbà. Ní ti bọ́ọ̀lù, a lè kó wọn jọ: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdíje ni wọ́n ń gbá lọ́dún. Ṣùgbọ́n ìdìbò ààrẹ Côte d'Ivoire mélòó ni a ti dì láti ọdún 1990 tí ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ ti padà dé? Ìwọ̀nba tí a lè fi ọmọ ìka ọwọ́ méjèèjì kà ni, kò sì sí méjì tó jọra nínú wọn. Iye tí wọ́n bá dá lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí, kò sí ọjọ́ tí a ó mú un ní irọ́. Babaláwo tí nǹkan kò rí bí ó ti wí lè ní ẹbọ ni kò pé. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó mọ ẹni tó wá dá Ifá, ó sì mọ ilé rẹ̀.

Wọ́n tún ń sọ pé ọgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà nínú iye náà. Iye owó ni, kì í ṣe iye ènìyàn. Ní ọdún 2024, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ṣoṣo fi owó tó lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là sẹ́yìn Trump lórí Polymarket. Ó jẹ, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ó ṣiṣẹ́ fún un: ó sanwó fún ìwádìí tí wọ́n ti bi àwọn olùdìbò léèrè ẹni tí aládùúgbò wọn yóò dìbò fún, dípò ẹni tí àwọn fúnra wọn yóò dìbò fún. Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ní ìmọ̀ náà, kì í ṣe ọ̀pọ̀. Kí oṣù kọkànlá ọdún yẹn tó parí, Polymarket ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà ní Faransé, lẹ́yìn tí àjọ tó ń ṣàbójútó tẹ́tẹ́ níbẹ̀ dá sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni ìparí iyàn. Gbogbo iyàn ló nílò ẹni tí yóò sọ pé èyí ni òótọ́. Nínú bọ́ọ̀lù, rẹfirí wà. Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọdún 2010 wò. Wọ́n di ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá. Àjọ elétò ìdìbò ní Alassane Ouattara ló wọlé, pẹ̀lú ìbò 54.1 nínú 100. Ìgbìmọ̀ Òfin Ìpìlẹ̀ fagi lé ìbò àwọn ẹkùn kan ní àríwá, ó ní Laurent Gbagbo ló wọlé, pẹ̀lú 51.45. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, àwọn méjèèjì búra, ọ̀kan nínú ààfin, èkejì nínú òtẹ́ẹ̀lì. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá wà nígbà náà, ta ni wọn ì bá san owó fún? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ elétò ìdìbò Venezuela kéde Maduro. Àwọn tó ń dá iyàn lórí Polymarket dìbò láàárín ara wọn, wọ́n sì san owó fún àwọn tó ra González. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí. Síbẹ̀, Maduro ni ó búra ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni iyàn parí lójú ọjà, nígbà tí ó kù sí ọrùn àwọn ará Caracas. Ní tiwa, títí di oṣù kẹrin ọdún 2011 ni ó fi kù sí ọrùn wa, ó sì tó bí 3,000 ènìyàn tó kú kí ó tó parí.

Mo mọ ìyá ará Èjìgbò kan tó ń ta aṣọ ní Adjamé nígbà náà. Kì í ka ìwé ìròyìn, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ẹni tí yóò wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó kíyèsí i pé àwọn oníbàárà òun kò gba àwìn mọ́, wọ́n sì ń bi í bóyá ó lè ra aṣọ tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀ padà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Èjìgbò.