Ẹ Pa Ìwé Dé Ná: Èrò Mi Lórí Ìwé Make It Stick

Tí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀yin náà ń rí bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń yí padà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan ìwé láti oṣù méjì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsùn. Á ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ, á fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú handout, á kà á, á tún un kà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwa òbí á ní ọmọ yìí mà ń gbìyànjú o. A ó gbàdúrà fún un, a ó fún un lówó ọkọ̀. Nígbà tí èsì bá jáde tí kò sì dáa, a ó ní bóyá olùkọ́ ni kò fẹ́ràn rẹ̀, tàbí pé ọpọlọ rẹ̀ ò gbé e. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa bi í pé: báwo lo ṣe ń kàwé gan-an?

Ìbéèrè yẹn ni ìwé tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò dáhùn. Make It Stick ni orúkọ rẹ̀. Harvard University Press ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Àwọn mẹ́ta ló kọ ọ́: Peter Brown tó jẹ́ òǹkọ̀wé, àti Henry Roediger pẹ̀lú Mark McDaniel, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan ní Yunifásítì Washington tó wà ní St. Louis, Amẹ́ríkà. Màá sọ ohun tó dáa nínú rẹ̀, màá sì sọ ibi tó kù sí, torí kì í ṣe àwa ará Zuba ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìwé náà sọ ni pé àkàtúnkà kì í kọ́ni tó bá a ṣe rò. Bí ọmọ bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú rẹ̀ á ti mọ ọ̀rọ̀ náà, á wá gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kéèyàn dá nǹkan mọ̀ nígbà tó rí i yàtọ̀ sí kó mú un jáde nígbà tí kò sí lójú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpáta Zuma láti ọdún pípẹ́. Tí wọ́n bá ní ká yà á sórí pépà báyìí láì wò ó, ẹ sọ òótọ́, ta ló máa yà á tán? Ìdánwò kì í bi ọmọ pé ṣé ó rí i rí. Ó ń ní kó mú un wá ni.

Ẹ wo ìwádìí kan tí Roediger àti Jeffrey Karpicke gbé jáde ní 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ kan. Apá kan ka àròkọ náà ní ìjókòó mẹ́rin. Apá kejì kà á ní ìjókòó kan ṣoṣo, wọ́n wá gbé e kúrò níwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀, ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló borí: wọ́n rántí nǹkan bí 83 nínú 100, àwọn yòókù rántí 71. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tó kù lórí àwọn alákàtúnkà ò ju nǹkan bí 40 lọ. Àwọn tó ń dán ara wọn wò ṣì mú 61 dání. Èyí tó wá ṣe mí ní kàyéfì jù ni pé àwọn alákàtúnkà gan-an ni ọkàn wọn balẹ̀ jù pé àwọn á rántí. Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí ọmọ fi máa ń jáde nílé lówùúrọ̀ ìdánwò pẹ̀lú ẹ̀rín, tí á sì padà dé pẹ̀lú omijé?

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àjèjì sí àwa nínú ìjọ. Báwo làwọn ọmọ wa ṣe ń kọ́ akọ́sórí ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi? Olùkọ́ á ní kí wọ́n pa Bíbélì dé. Á ní, "Ó yá, ta ló lè sọ ọ́?" Ọmọ tó bá gbé e ṣubú, wọ́n á ràn án lọ́wọ́, á tún un sọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún bi í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilé kéú: ọmọ gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà lára wàláà fún alùfáà kó tó fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu ni wọ́n fi ń dá ẹ̀kọ́ padà. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí ẹnu kò bá lè dá padà, kò tíì wọlé. Kí ló wá dé tí ọmọ tó mọ ọ̀nà yìí ní kékeré á dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí á jù ú nù?

Àmọ́ ká má ṣì í gbọ́ o. Ìwé náà ò ní kí ọmọ há handout sórí bí odídẹrẹ́. Ohun tó ń wí ni pé kó pa ìwé dé, kó sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀, kó sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kó fún un ní àpẹẹrẹ tirẹ̀, kó wá ṣí ìwé padà láti wo ibi tó ti ṣì í. Ẹni tí kò bá ṣí ìwé padà lè máa tún àṣìṣe kọ́.

Ohun kejì ni pé kí àyè wà láàárín ẹ̀kọ́ kan àti èkejì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti kọ ìwé lórí bí èèyàn ṣe ń yára gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Make It Stick sọ ìtàn dókítà 38 tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni. Apá kan gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan, apá kejì gba ọ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn oṣù kan, àwọn tó gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló mọṣẹ́ jù. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọmọ tó fi wákàtí kan kàwé lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ju ẹni tó fi wákàtí mẹ́fà kà á lóru ọjọ́ kan lọ, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan náà ni wọ́n ná.

Ìwé náà tún gbá èrò kan dànù tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà gbọ́: pé ọmọ kan wà tó jẹ́ etí ló fi ń kọ́ nǹkan, òmíràn ojú, òmíràn ọwọ́, àti pé ká kọ́ kálukú bó ṣe fẹ́. Wọ́n ní ìwádìí kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyẹn ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀wé sí i. Mo dúpẹ́ fún èyí, torí mo ti gbọ́ ọmọ tó ní òun kì í kàwé torí pé etí lòun fi ń mọ nǹkan.

Ibo wá ni ìwé yìí kù sí? Àkọ́kọ́, ó gùn ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Orí àkọ́kọ́ àti orí ìkẹyìn ti tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní àyè. Èkejì ló wúwo jù lọ́kàn mi. Awakọ̀ òfuurufú, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù àti dókítà abẹ ló kún inú àwọn ìtàn rẹ̀. N kò rí ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú ẹni mẹ́ta nínú yàrá kan, tí NEPA ti mú iná lọ, tí ọkọ̀ àjàgbé ń pariwo lọ sí Kaduna àti Lokoja ní gbogbo òru, tó sì gbọ́dọ̀ bá àǹtí rẹ̀ ta ọsàn ní ọjà èso kó tó lọ sí kíláàsì. Àwọn òǹkọ̀wé náà ní ìnira díẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀kọ́ dúró. Òótọ́ ni, wọ́n sì fi kún un pé ìnira tí apá ọmọ ò ká kì í ṣe é láǹfààní. Àmọ́ wọn ò sọ nǹkan kan nípa ebi. Ìnira kéèyàn ronú jinlẹ̀ àti ìnira kéèyàn má jẹun, ọ̀kan ò jọ ìkejì.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Kí ni ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ yìí ń ná èèyàn? Pépà òfìfo kan àti báírò. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ dátà. Ọmọ lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dán ara rẹ̀ wò nídìí igbá ọsàn, tàbí nínú mọ́tò tó ń lọ sí Gwagwalada. Ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún wá rọ tálákà lọ́rùn ju bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe rò lọ.

Ìdí tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí nǹkan ńlá rèé. FCT College of Education wà níbí, láàárín wa. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba NCE, òun sì ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìjọba ní kí olùkọ́ ní. Àwọn tó ń fi àìsùn há ìwé sórí lónìí ló máa dúró níwájú àwọn ọmọ wa kéékèèké lọ́la. Ohun tí wọ́n bá ti gbàgbé lọ́sẹ̀ kejì ìdánwò, kí ni wọ́n á fi kọ́ wọn?

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan àwa náà. Nígbà tá a bá pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, a máa ń ní kí wọ́n múra sí ìwé wọn. Ó dáa, àmọ́ a kì í sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ẹ má bínú, mo tún rò pé kò yẹ ká máa pe ọmọ tó ní ìdánwò láàárọ̀ ọjọ́ kejì sí ìsọ́ òru. Oorun wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ dúró. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ọ̀gànjọ́ ń gbọ́ ti ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ẹ ò kàwé, pé kí lẹ lè ṣe? Ẹ lè ṣe é dáadáa. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe ọmọ yín jókòó, ẹ ní kó pa ìwé dé, kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún yín. Níbi tí kò bá ti yé yín, ẹ bi í pé, "Kí nìdí?" Tó bá ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ẹ má bú u. Ẹ ní kó lọ wò ó padà, kó wá sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ kẹta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún bi í léèrè nǹkan kan náà.