UNICODE kò tíì gba àmì ohùn mọ́ra: àríwísí lórí regex Python àti ìwé Yorùbá

Bí a bá fẹ́ fi Python ka iye ọ̀rọ̀ nínú ìwé kan, ohun tí a sábà máa ń kọ ni \w+. Àwọn flag, tí mo pè ní àṣẹ-àfikún níhìn-ín, ló ń pinnu ohun tí \w yóò kà sí lẹ́tà. Èrò mi ni pé orúkọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí ń ṣèlérí ju ohun tí wọ́n ń ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú "ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́", tí a kọ ní ìlànà NFC. Ọ̀rọ̀ méjì ni. Nínú Python 3, UNICODE ló ń ṣiṣẹ́ bí a kò bá pàṣẹ mìíràn. Ẹyọ mẹ́rin ló mú wá: ọ, rọ, ẹ, kọ. Ìdí ni pé kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ọ̀ tàbí ẹ̀. Àmì ohùn ní kóòdù tirẹ̀, \w kò sì kà á mọ́ ọ̀rọ̀. Bí a bá lo ASCII, ẹyọ méjì ló jáde: r àti k. Iye pé, ọ̀rọ̀ ti lọ. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ nìkan yóò gbà pé ASCII ló dára jù.

Ẹni tó fi élève ti Faransé dán an wò kò ní rí àléébù yìí, nítorí é àti è ní kóòdù tiwọn. Ìdánwò tó yege fún Faransé kì í ṣe ẹ̀rí fún Yorùbá.

IGNORECASE náà ní ààlà. Ó mú Ọ bá ọ mu, ó sì mú Ɔ bá ɔ mu, ṣùgbọ́n kò so ọ ti Nàìjíríà mọ́ ɔ tí a ń kọ ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ń wá "ọ̀rọ̀" kò ní rí "ɔ̀rɔ̀" nínú ìwé Kétu tàbí ti Sábẹ̀ẹ́. Àwa fúnra wa ló gbọ́dọ̀ yan àkọtọ́ kan kí a tó wá a.

A kò lè di ẹ̀bi ru Unicode. Ìlànà rẹ̀ lórí regex, UTS #18, ka àmì mọ́ \w; Java 7 sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2011, bí a bá pàṣẹ UNICODE_CHARACTER_CLASS. Nínú Python, [\w\u0300-\u036f]+ yóò mú ọ̀rọ̀ méjèèjì wá láìfọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé iye ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde sọ àṣẹ-àfikún tó lò àti bóyá NFC ni ìwé rẹ̀. Láìsí èyí, a kò lè fi iye tirẹ̀ wé tẹlòmíràn.