Gìtá Ọ̀pọ̀, Ọwọ́ Ọ̀wọ́n

Ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ mú jù ní Àbújá ni mo gbé gìtá ọmọ àbúrò mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún gìtá ṣe ní Wuye. Gìtá oníná ni, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, ó pupa bí ata rodo, ó ń dán. Ọmọ náà ń fi í kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bó bá ti ta á tán, ńṣe ni á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Èmi náà na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn gìtá, mo fà á wálẹ̀, ó gé mi bí ẹni pé ẹnu ayùn ni mo fọwọ́ ra. Àwọn ará ilé ti ń sọ tiwọn: "Ṣebí a ti sọ fún yín pé ọjà ọ̀pọ̀ ni."

Yàrá tóóró kan tí kò jìnnà sí ọjà Wuye ni ṣọ́ọ̀bù náà, télọ̀ ní apá ọ̀tún, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní apá òsì. Ọkùnrin tó ni ín kò tíì pé ogójì ọdún. Ó gbé gìtá náà sókè, ó di ojú kan, ó wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé orí bí káfíńtà ṣe ń wo pákó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó," ó ní. "Gìtá yín ò burú. Wọn ò tíì parí ẹ̀ ni."

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ń ṣe dùndún á tètè lóye ọ̀rọ̀ yẹn. Igi ọmọ̀ tàbí igi apá tí agbẹ́gi gbẹ́ kò tíì di ìlù. Ó dìgbà tí wọ́n bá fi awọ ewúrẹ́ bò ó, tí wọ́n fa ọṣán rẹ̀ le, tí ẹni tó létí lù ú wò tó sì tún un fà, kó tó lè pe orúkọ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá. Lónìí, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló ń gé igi, kò sì bìkítà bóyá olówó gọbọi ló ń gbẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú. Láti 1954 tí ilé-iṣẹ́ Fender ti gbé gìtá Stratocaster jáde, 648 mìlímítà ni gígùn apá okùn rẹ̀ tó ń dún. Ìwọ̀n yẹn náà ni àwọn tó ń ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ń lò. Ohun tí gìtá ọ̀pọ̀ kò rí gbà ni wákàtí tí èèyàn kan á fi jókòó tì í lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣe tirẹ̀ tán. Wákàtí yẹn gan-an ló wọ́n.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó gé mi lọ́wọ́. Àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, tí wọ́n ń pè ní fret, kì í súnkì. Pákó tí wọ́n kàn wọ́n mọ́ ló ń súnkì. Ọyẹ́ ti fa omi ara pákó gbẹ, orí irin wá yọ ṣóńṣó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fret 22 ni, orí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi 44 nìyẹn. Ó lẹ téèpù bo pákó kí ó má bàa họ, ó sì fi fáìlì bọ́ wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò yára, kò sì fo ìkankan.

Lẹ́yìn náà ló mú irin pẹlẹbẹ kan tó gùn tó fret mẹ́ta, ó gbé e lé wọn lórí. Tí ti àárín bá ga ju èjì yòókù lọ, irin náà á mì, á dún kọ̀kọ̀kọ̀. Bó ṣe ń bá a lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ nìyẹn, etí ló fi ń wá a, kì í ṣe ojú. Ibi mẹ́ta ló dún. Ó fi yíǹkì dúdú sàmì sí wọn, ó ha wọ́n títí yíǹkì fi lọ, ó tún gbé irin lé e: kẹ́kẹ́. Ó wá fi fáìlì oníkòtò sọ orí wọn di róbótó, ó sì fi sáńdípépà tó kúnná fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán bí ṣíbí tuntun.

Nọ́ọ̀tì ló pẹ́ jù. Òun ni afárá kékeré tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé orí, ojú mẹ́fà ni wọ́n là sí i fún okùn mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ sábà máa ń fi ojú náà sílẹ̀ láìjìn tó, torí èyí tó ga ṣì ṣeé dín kù, èyí tó bá ti jìn jù ti bàjẹ́. Ọkùnrin náà tẹ okùn lé fret kẹta, ó ní kí n wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret àkọ́kọ́. Ó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ gba káàdì báńkì. Ibẹ̀ ni kọ́ọ̀dù F, tó ń lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá nídìí gìtá, ti ń rí agbára rẹ̀. Fáìlì okùn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù kò nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà lọ. Ó da fáìlì náà díẹ̀ sọ́nà orí gìtá, ó ha á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró, ó tẹ okùn, ó wò ó. Ó tún ha á lẹ́ẹ̀kan. Ó fẹ́ eruku dànù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n.

Nígbà tó tú ìdérí iwájú, mo rí inú gìtá fún ìgbà àkọ́kọ́: ihò igi lásán àti wáyà tó rí bí irun àgbàdo. Níbì kan, léèdì dúró lórí wáyà bí ìrì lórí ewé kókò, kò wọ̀ ọ́ lára. Ó tún un jó. Ó fi bébà bàbà tẹ́ gbogbo inú ihò náà, ó sì so ó mọ́ wáyà ilẹ̀. Iná tiwa ní Nàìjíríà ń lọ ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pickup (ẹ̀rọ tó ń gba ìró okùn) oníwáyà ẹyọ kan a sì máa gbọ́ ọ. Ariwo náà dín kù, kò tán. Ẹni tó bá fẹ́ kó tán á ra oníwáyà méjì, irú èyí tí Seth Lover ṣe fún ilé-iṣẹ́ Gibson ní 1955, tí ọ̀kan ń pa ariwo èkejì.

Mo bi í bóyá ká kúkú pààrọ̀ pickup náà sí olókìkí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣeé tẹ̀ ná. Ẹ kì í ra bàtà tuntun fún ẹni tí ẹ̀gún ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀."

Títún gìtá ṣe bó ṣe wuni kì í ṣe àṣà àlejò. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, so ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ ara gìtá onípákó rẹ̀. Láti ìgbà náà ni gìtá jùjú ti lè bá gángan dáhùn láìjẹ́ pé ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, onígìtá Eddie Van Halen ra ara gìtá kan ní 50 dọ́là, ó ra ọrùn ní 80 dọ́là, ó kàn wọ́n pọ̀, ó sì fi wọ́n ṣe àwo tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1978.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo gìtá ọ̀pọ̀ ló ṣeé tún ṣe. Ọ̀pá irin wà nínú ọrùn gìtá. Bí ọrùn bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, yíyí ọ̀pá náà díẹ̀ á nà án. Ṣùgbọ́n èyí tó bá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún, igi wọ́rọ́kọ́ tí í da iná rú ni, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ tún mọ̀ pé owó tí ẹ bá ná lé gìtá ọ̀pọ̀ kì í padà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á. Ẹni tó fẹ́ ta gìtá, bíi ti olórin, ni kó náwó lé e. Ẹni tó fẹ́ tà á bíi ti oníṣòwò, kó má dán an wò.

Ó kù díẹ̀ kó dé ìdérí náà padà ló mú pẹ́ńsù, ó kọ déètì ọjọ́ náà sínú ihò gìtá, ó kọ ìwọ̀n okùn tó lò àti bí ọrùn ṣe tẹ̀ tó. Mo ní ta ni yóò kà á níbẹ̀. "Ẹni tó bá tún ṣí i ni," ó ní. "Ó lè jẹ́ èmi. Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ gbé e padà wá. Igi yẹn á tún mu omi."