Ìléròrò Apá Òsì

Bí mo bá ń gba Ilo-Awela kọjá, tí ọkọ̀ àjàgbé àwọn iléeṣẹ́ ń gbé eruku bo ojú ọ̀nà, tí mo sì rí abiyamọ ọlọ́jà gbọọrọ tó pọn ìkókó sẹ́yìn, apá òsì ọmọ náà ni ojú mi kọ́kọ́ ń wá, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti máa ń dá ọwọ́ onísùúrù mọ̀ yàtọ̀, bí àgbà ti ń wo ilà ojú ẹni tó sì ń mọ olóólà tó kọ ọ́.

Àpá BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife, ni mò ń wí. Ìka ọwọ́ òsì nọ́ọ̀sì ni yóò fa awọ ọmọ le bí awọ ìlù. Ẹnu abẹ́rẹ́ yóò kọjú sókè, òun fúnra rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé awọ, títí ihò ẹnu rẹ̀ yóò fi wọlé tán, tí a ó ṣì máa rí òjìji rẹ̀ lábẹ́ awọ. Nígbà náà ni a ó rọra ti 0.05 mìlílítà wọlé, àtàǹpàkò yóò sì mọ̀ pé awọ ń kọ̀ fún òun. Kíkọ̀ yẹn ni kí á fetí sí. Bó bá rọrùn jù, oògùn ti bọ́ sínú ọ̀rá nìyẹn. Bó bá tọ̀nà, ìléròrò funfun yóò yọ, tó ní ihò wínníwínní bí èèpo ọsàn.

Apá tirẹ̀ ni ìyá náà, ọ̀gá mi, fi kọ́ mi. Ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó ní kí n fi omi tí a fi ń po oògùn gún òun. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kùnà. Kò kanra, ó kàn ń sọ pé, "Má kánjú, ọmọ mi. Inú awọ ni ilé alóre wà." Ìgbà kẹfà ni ìléròrò yọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka kan tó ń ṣọ́ inú awọ ni alóre tó ń wí. Paul Langerhans ará Jámánì ti rí wọn ní 1868. Ẹbí wọn ni Ralph Steinman ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1973, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n sì kéde Ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2011. Alóre yìí a gbé kòkòrò mì, a já a wẹ́wẹ́, a di ẹ̀rún rẹ̀ mú síta bí àrokò, a sì gbé e lọ sí kókó abẹ́ abíyá, níbi tí àwọn jagunjagun tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T ń kóra jọ sí. Àrokò kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀, ẹni tó kà á kò ní tìtorí rẹ̀ nìkan dìde, àfi bí alóre bá tún fi ọwọ́ kejì dì í mú láti fi hàn án pé ogun dé lóòótọ́, nítorí bí ọwọ́ kejì kò bá sí, ńṣe ni jagunjagun náà yóò kú tipiri. Lẹ́yìn èyí ni alóre yóò wá sọ irú ogun tó jẹ́ fún un: ti ikọ́ ife, tí kòkòrò rẹ̀ ń sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pa á, ni pé kí ó lọ ta onílé jí, kí ó lè pa olè tó wọ̀ sí i nínú.

Ìdí nìyí tí inú mi fi ń ru sí àwọn tó ń na abẹ́rẹ́ lóòró bí ẹni fi ọ̀kọ̀ gún ẹja, tí wọ́n ń tọ́jú ìgò oògùn tí wọ́n ti pò, tó yẹ kí wọ́n dà nù lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, di ọjọ́ kejì. Mo ti rí ọmọ tí kókó abíyá rẹ̀ wú tó sì ṣọyún nítorí ọwọ́ àìbìkítà. Ọdún 13 ni Calmette àti Guérin, àwọn tó ṣe àjẹsára yìí, fi ń tún kòkòrò inú rẹ̀ gbìn, ní ìgbà 230, kí oró rẹ̀ tó rọ̀. Ìṣẹ́jú kan tí a ní kí àwọn aláìbìkítà yìí fi gún un, wọ́n ní ó pọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Nígbà tí ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì sí Ọ̀tà, mo gbé àkọ́bí mi tọ̀ ọ́ lọ, ọmọ oṣù mẹ́rin. Kò kí mi tán tó fi ṣí apá òsì ọmọ náà, tó fi àtàǹpàkò wá àpá rẹ̀ rí, ó sì gbé ọwọ́ kékeré náà lé àpá tó wà lápá tirẹ̀, èyí tí wọ́n gún un láyé ìgbà tí wọ́n ń lé ìgbóná kúrò nílẹ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alóre gbọ́."