Ihò Méjì Lẹ́yìn Ẹ̀rọ Melco

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kò ṣòro láti ṣe iwájú lọ́ṣọ̀ọ́: fi irin tó nípọn bò ó, tan iná kékeré kan sí i, ojú oníbàárà á sì kúrò lára rẹ̀ tipátipá. Ẹ̀yìn ni ọwọ́ ẹni tó ṣe é ti ń hàn. Lẹ́yìn àwọn sáfà orin (ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì orin) tí ilé iṣẹ́ Melco ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Jàpáánì, àwọn tí wọ́n ń pè ní N1, ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ló wà. Wọ́n kọ LAN sí ọ̀kan, wọ́n kọ PLAYER sí èkejì. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àfikún lásán ni ihò kejì. Èmi rò pé òun ni ó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ náà.

Ẹ wo ọ̀nà tí orin ń gbà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Fáìlì á kúrò lórí dísíìkì, á gba wáyà lọ bá ráútà. Ráútà yìí kan náà ló ń gbé fídíò tí àwọn ọmọ ń wò, òun ló ń gbé ìpè fóònù, òun ni kọ̀ǹpútà gbogbo ilé ń rọ́ lù. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni orin á tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí yóò lù ú. Melco gé ọ̀nà náà kúrú. Wáyà LAN ń lọ sí ọ̀dọ̀ ráútà, kí fóònù ọwọ́ rẹ lè rí sáfà kó sì pàṣẹ fún un. Wáyà PLAYER ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń lu orin, ẹnikẹ́ni kò sí láàárín wọn. Àṣẹ lè gba ojúde kọjá, ṣùgbọ́n orin kò jáde nílé.

Makoto Maki ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1975, orin ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù ló ń ṣe, èyí tó wúwo bí nǹkan míì, fún àwọn tí etí wọn ò gba ìgbàkugbà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba òde, ó yà síbẹ̀, iṣẹ́ náà sì di Buffalo, tó ń ṣe ráútà àti dísíìkì tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ni N1 jáde, tí ilé iṣẹ́ náà padà sídìí orin. Àwọn tó gbọ́ orin dáadáa pọ̀. Àwọn tó mọ tinú tòde dísíìkì náà pọ̀. Àwọn tó mọ méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan ṣọ̀wọ́n, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n ihò méjì yìí fi wá láti ọ̀dọ̀ wọn: ẹni tó ti ń ṣe ráútà fún ọ̀pọ̀ ọdún ló mọ bí ráútà ṣe ń dí tó.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí mo dúró sí, torí àríyànjiyàn pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òǹkà ni orin tó wà lórí síídì. Ìgbà 44,100 ni wọ́n wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún etí ọ̀tún àti fún etí òsì, òǹkà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bit 16. Òǹkà tí sáfà olówó ńlá ń fi ránṣẹ́ kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí kọ̀ǹpútà àlòkù ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní òǹkà tòun dùn ju ti ẹlòmíràn, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tó ń bá òǹkà rìn ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Wáyà tó gbé e wá ń gbé ariwo iná mànàmáná pẹ̀lú rẹ̀, ariwo láti inú ohun tó ń pèsè iná, ariwo láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ogún iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ariwo yìí kò ní yí òǹkà padà. Inú DAC, níbi tí òǹkà ti ń padà di ohùn, ló ti lè bá nǹkan jẹ́: ó lè da aago tó ń sọ àsìkò tí òǹkà kọ̀ọ̀kan yóò jáde láàmú, ó sì lè yọ́ wọ apá ibi tí ohùn ti di ìgbì iná. DAC tó dára ń dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, kó fi ra sípíkà gidi, kó sì fi aṣọ tàbí ìwé dí ibi tí ògiri yàrá rẹ̀ ti ń dá ohùn padà. Sáfà ló gbẹ̀yìn.

Àmọ́ tí ó bá wá kàn án, ẹ wo bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń lé ariwo náà. N10 tí Melco ṣe, àpótí méjì ni: ọ̀kan fún dísíìkì àti gbogbo iṣẹ́ tó kù, èkejì fún iná nìkan, wáyà kan ló so wọ́n pọ̀. Nínú àpótí iná yẹn, tiransifọ́má gidi ni wọ́n gbé síbẹ̀. Wọn ò lo irú ohun tó wà nínú ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká, tó ń tan tó ń kú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń tú ariwo rẹ̀ síta. Tiransifọ́má wúwo, ó gba ààyè, ó ń gbóná, ó sì wọ́n. Ẹni tó yàn án mọ̀ pé nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa rí i. Irú ìpinnu báyìí ni mo ń wá nínú ẹ̀rọ.

Melco nìkan kọ́ ló wà lọ́jà. Naim, ní Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe Uniti Core tó ń gba síídì sínú, tó sì ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Roon náà ti wà láti ọdún 2015, ìtàn tó ń sọ nípa olórin àti àwọn tó bá a lu ìlù dùn ún kà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lágbára ló fẹ́, mi ò sì fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára nítòsí ámpù mi.

Iṣẹ́ kan tún wà tí a kì í sábà yìn: fífa orin kúrò lórí síídì. Bí síídì bá ha, ẹ̀rọ síídì lásán ní ọgbọ́n tó fi ń ṣàtúnṣe ohun tó sọnù. Bí híha náà bá wá pọ̀ jù, á méfò ni, á fi òǹkà tó bá ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e mu dí àlàfo náà, á sì máa lọ. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú orin fún ọmọ-ọmọ kò lè gba ìméfò. Ètò kọ̀ǹpútà tó dára á padà sí ojú kan náà léraléra títí ó fi máa dá a lójú, á sì fi àbájáde rẹ̀ wé ti àwọn ẹlòmíràn tó ti ka irú síídì kan náà rí; ohun tí AccurateRip wà fún nìyẹn. Síídì fújì tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà rí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìkíní wé ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bí FLAC. Ó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù dé nǹkan bí ìdajì, òǹkà kan ṣoṣo kò sì ní sọnù.

Orin jùjú ni mo fi ń dán sáfà wò. Lórí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Sunny Adé àti Ebenezer Obey, ojú kan lè jẹ́ eré kan tí kò dúró: orin yìí á wọnú ìyẹn, oníjìtá á pààrọ̀ ọwọ́, gángan kò ní sinmi. Nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di fáìlì, ẹnìkan á gé e sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Sáfà tí wọn kò ro dénú máa dúró díẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n gé, ijó á sì já. Sáfà tó gbọ́n ti mú fáìlì tó kàn lọ́wọ́ kí èyí tó ń lọ tó parí. MP3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ń sá fún un. Ẹ yan eré gígùn kan, ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ níbi tí fáìlì kan ti pàdé èkejì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ ti mọ̀.

Ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń lọ láìsọ, kó ra ínífátà mọ́ sáfà. Dísíìkì tí iná bá já lójú rẹ̀ níbi tó ti ń kọ nǹkan lè da àkójọ orin rú.

Orúkọ ló wá kù. Haruna Ishola, Haruna Isola, Hárúnà Ìṣọ̀lá: ọ̀gá àpàlà kan náà ni, ṣùgbọ́n sáfà á sọ ọ́ di ènìyàn mẹ́ta. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi àmì sí i bó ṣe yẹ, ìṣòro ò tíì tán. Kọ̀ǹpútà kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ọ̀ tó ní àmì lórí àti ìsàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ to àmì pọ̀, ọ̀nà tó lè gbà tò ó sì ju ẹyọ kan lọ. Lójú wa, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Sáfà tí wọn kò ronú kan èdè bí tiwa á kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á sì pín àwo orin olórin kan sí ojú ewé méjì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé dísíìkì kékeré kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú orúkọ náà tí ẹ kọ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kí ẹ sì ní kí wọ́n wá Ìṣọ̀lá fún yín.