Ọwọ́ Tó Ń Po Ọkpa ní Nike

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Kérésìmesì ṣe ń rí ní àdúgbò Nike Lake, nílùú Enugu, ẹ̀yìnkùlé ni kó kọ́kọ́ yà sí kó tó dé etí omi. Etí omi náà dára, n kò ní bù ú kù. Lásìkò ọyẹ́, ìkùukùu máa ń bo ojú adágún láàárọ̀ títí oòrùn á fi mú un kúrò. Tó bá sì di ọ̀sán ọjọ́ kejì Kérésì, tọkọtaya, ọmọ àti ìyá àgbà á ti wọ aṣọ tuntun wá sí ọgbà òtẹ́ẹ̀lì tó wà létí rẹ̀, wọ́n á máa ya fọ́tò. Fàájì nìyẹn. Iṣẹ́ ọdún ti parí kí wọ́n tó débẹ̀. Òru ni wọ́n ṣe é, nídìí ààrò, iṣẹ́ yẹn ni mo sì fẹ́ yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́kọ sí Nike, ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣọdún nígbà tí ààyè bá gbà mí. Àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá mọ bí àwọn Ìbò ṣe ń rọ́ lọ sílé ní oṣù Kejìlá: gáréèjì Jibowu l'Ékòó á kún fọ́fọ́, ẹrù á ga lórí bọ́ọ̀sì, owó ọkọ̀ á lé sókè. Láti ọdún 1965 tí wọ́n ti parí afárá Onitsha títí wọ́n fi ṣí afárá kejì, orí afárá kan ṣoṣo yẹn ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ fi ń sọdá Odò Ọya, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ á sì há wọn mọ́ Asaba fún wákàtí gbọọrọ. Nígbà tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí afárá kejì fún ọkọ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, nítorí ìrìn-àjò Kérésì ni. Ẹni tó bá lè fara da irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìrẹsì kọ́ ló ń wá lọ. Ìrẹsì wà l'Ékòó. Ohun tó ń fà á lọ́kàn ni oúnjẹ tí ọwọ́ ilé nìkan mọ̀ ọ́n ṣe: ọkpa àti ábáchà.

Ọkpa jọ mọ́ínmọ́ín lójú ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́ rí, àmọ́ ọ̀nà wọn jìn síra. Ẹ̀wà la fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín. A ó rẹ ẹ́ sómi, a ó bó o, a ó lọ̀ ọ́ ní tútù. Ẹ̀pà òrubu ni wọ́n fi ń ṣe ọkpa, èyí tó máa ń so sábẹ́ ilẹ̀, tí hóró rẹ̀ rí roboto tó sì le koko. Ní gbígbẹ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ là á kí èèpo lè ṣí, wọ́n á fẹ́ èèpo dànù, wọ́n á tún dá a padà sẹ́rọ títí á fi di lẹ́búlẹ́bú. Kò sí àlùbọ́sà ńbẹ̀, kò sí ẹyin, kò sí ẹja. Ìyẹ̀fun, epo pupa, ata, iyọ̀, omi; ó parí. Oúnjẹ tí èròjà rẹ̀ kéré tó báyìí kò fún alásè ní ibi tó lè sá pamọ́ sí.

Gbogbo ẹni tó bá ti gba 9th Mile, nítòsí Enugu, kọjá mọ igbe àwọn tó ń kiri rẹ̀, “Ọkpa di ọkụ!”, ìyẹn ọkpa gbígbóná, tí wọ́n á gbé abọ́ lérí, tí wọ́n á máa sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Ọkpa ìdí ọ̀nà yẹn dùn, mo máa ń rà á. Ti ọdún nílé ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mama, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti sùn, ni wọ́n máa ń jókòó ti ìyẹ̀fun. Wọ́n á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi àtàǹpàkò yí i, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Ìyẹ̀fun tó bá ti pẹ́ jù nílé lè korò tó bá jiná, imú Mama ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn kò ní ṣàròyé rárá. Wọ́n á dì í padà, wọ́n á ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé àpò kejì wá. Èyí tí ẹ̀rọ ti lọ̀ kúnná, wọ́n á tún fi asẹ́ jọ̀ ọ́, wọn kò sì ní kánjú jọ̀ ọ́.

Epo ló ń ṣáájú omi. Mama á da epo sí àárín ìyẹ̀fun gbígbẹ, wọ́n á ti ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fún un, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, títí ìyẹ̀fun á fi gba àwọ̀ epo tán. Kò gbọdọ̀ ku ibi funfun kan, epo kò sì gbọdọ̀ dá dúró síbì kan. Ata Nsukka ló tẹ̀lé e, ata aláwọ̀ ìyeyè tí òórùn rẹ̀ máa ń ta sánsán gba gbogbo àgbàlá, tí wọ́n ti gún sílẹ̀. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i. Ìgbà náà ni omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ kó má baà di kókó, lẹ́yìn náà ní yanturu.

Ẹni tó mọ mọ́ínmọ́ín sè á fẹ́ pariwo níbí, torí omi náà pọ̀ lójú. Ohun tó wà nínú abọ́ ń ṣàn bí ògì tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ìyẹ̀fun yìí máa ń mumi gan-an lórí iná; bó bá ki ní tútù, á le gbagidi tó bá jiná, á sì máa há ni lọ́fun. Mama kì í wọn omi. Wọ́n á fi ìgbakọ bù ú sókè, wọ́n á jẹ́ kó ṣàn padà, wọ́n á máa wo bí ojú ibi tó bọ́ sí ṣe yá sí láti pa dé. Tó bá pa dé kíá, ó tó. Wọ́n á tọ́ ọ wò ní tútù bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí iyọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀, nítorí ó máa rọlẹ̀ tó bá jiná.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sán. Ewé tútù máa ń ya, nítorí náà wọ́n ti mú un kọjá lórí iná, ojú kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú díẹ̀. Mama á ká a mọ́ ọwọ́ òsì kí ìdí rẹ̀ pa dé, kí ẹnu rẹ̀ là. Ọwọ́ ọ̀tún á ru inú abọ́ láti ìsàlẹ̀, á bù, á dà á sínú ewé. Ẹnu ewé á kó jọ, okùn tí wọ́n ya lára igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ á yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ti so. Ẹ kíyè sí rírú yẹn. Ìyẹ̀fun máa ń sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ abọ́, epo máa ń léfòó. Ẹni tó bá bu méjì léra láìru ú láàárín, ọ̀kan á rọ̀ jù, èkejì á le. Mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, n kò rí i kí wọ́n bu ẹyọ kan láìru ú. Wọ́n ń béèrè àwọn tó kù ní Èkó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá ọmọ tí kò rí oorun sùn wí, ọwọ́ ọ̀tún kò gbàgbé lẹ́ẹ̀kan.

Omi ìkòkò gbọ́dọ̀ ti máa hó yaya kí ọkpa tó wọ inú rẹ̀, ìdí kan náà ló sì fà á. Bí omi bá ṣì tutù, ìyẹ̀fun á ti rọ̀ sí ìdí ewé kí iná tó mú un, ọkpa náà á sì ní ìpele méjì, ìsàlẹ̀ líle, òkè tó kún fún epo. Ooru àkọ́kọ́ ló ń gbá gbogbo rẹ̀ mú lójú kan náà. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, Mama á fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn ewé. Èyí tó bá jiná máa ń ti ìka padà. Tí wọ́n bá tú u, ìlà ewé á ti tẹ̀ sí i lára látòkè délẹ̀, ọ̀bẹ á sì gé e láìlẹ̀ mọ́ ọn.

Inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sè é báyìí. N kò dá ẹni tó ń tà á lẹ́bi: ọ̀rá yá, ó dínwó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sì sí lẹ́yìn gbogbo ilé mọ́ ní àdúgbò Abakpa, nílùú Enugu. Ṣùgbọ́n òórùn ewé ló sọ ọkpa di ọkpa lẹ́nu mi, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rá máa hó pẹ̀lú oúnjẹ fún wákàtí gbáko. Mama kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ewé ni wọ́n ń lò.

Ábáchà jẹ́ ti ọ̀sán, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀gẹ́ sísè ni wọ́n ń rẹ́ lórí páànù tí wọ́n dáhò sí, kó lè máa jábọ́ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á ṣàn án léraléra, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á sì bá wọn gbẹ ẹ́ kíá. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fa ábáchà lé lọ́wọ́, inú mi sì dùn bí mo ṣe ń wo ọmọ Ìbàdàn tó ń po ncha, ìyẹn epo àti omi kán-ún tí wọ́n ń pò mọ́ ábáchà. Wọ́n ti rẹ kán-ún sómi kó tòrò. Òkè rẹ̀ tó mọ́ nìkan ni wọ́n á lò. Ẹ̀gbọ́n mi da epo tí wọn kò gbé kaná sínú abọ́, wọ́n ń kán omi kán-ún lé e, ọwọ́ kejì ń rò ó. Lójú mi báyìí ni pípọ́n epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ó di ìyeyè, ó sì ki. Bí omi kán-ún bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, á máa rùn bí ọṣẹ, kò sì yani lẹ́nu: òróró àti omi eérú làwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ìwọ̀n ìkán omi mélòó kan ló wà láàárín oúnjẹ àti ọṣẹ. Mama ń wò wọ́n láti orí àga, wọn kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn tí Mama kò sọ pé “ó ti tó, ìyàwó wa” kí àwọn tó dáwọ́ dúró. Ehuru tí wọ́n yan tí wọ́n sì gún, tí àwa ń pè ní aríwó, ogiri, hóró ugba tí wọ́n gé tín-ín-rín, pọ̀nmọ́, ẹja yíyan, ewé utazi ìwọ̀nba torí kíkorò rẹ̀: ìyókù yá.

Ní ti ẹ̀bùn, àwọn tó ti Èkó dé máa ń gbé tiwọn wá: àpò ìrẹsì, páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, aṣọ àwọn ọmọ, ìró fún Mama. Àwọn ọmọ á máa ti ilé bọ́ sílé láti gba owó ọdún, egúngún á máa lé wọn ká ojú pópó, wọ́n á sì máa sá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tó ń jáde láti ilé Mama ni ọkpa. Láàárọ̀ Kérésì, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ti pín in sínú agbọ̀n: ti opó tó wà lójúlé kejì, ti àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ti Màláàmù elẹ́ran tó máa ń fi ẹran ránṣẹ́ sí wọn nígbà Iléyá. Gbígbóná ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́, ọmọ tí wọ́n bá rán kò sì gbọdọ̀ dúró ṣeré lọ́nà.

Ti àwa arìnrìn-àjò ni wọ́n ń sè kẹ́yìn, lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí a lọ. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù délẹ̀ kó tó wọ àpò, torí ìgbóná tó há sínú àpò lè jẹ́ kó kan kó tó dé Òrè. Èyí tí wọ́n dì fún mi dé Ìbàdàn láìṣe nǹkan kan, ìyàwó mi sì gé e sínú àwo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a fi mu ògì gbígbóná.